Ẹ̀rọ aláfọwọ́yí tí a fi ń fún èso: láti Ìdúmọ̀tà dé ẹ̀yìnkùlé wa

Ibi tó ṣe kókó ni mo máa ti bẹ̀rẹ̀. Bí igi eléso bá wà lẹ́yìnkùlé yín ní Èkó yìí, tí èso ń já bọ́ lójoojúmọ́ tí ẹ kò sì rí ẹni tí ẹ óò kó o fún mọ́, ẹ lọ ra ẹ̀rọ yìí. Bó bá jẹ́ pé Kétu tàbí Ọyìngbò lẹ ti ń ra ọsàn díẹ̀díẹ̀, ẹ fi owó yín pamọ́, ọwọ́ lásán tó ọsàn yẹn fún. Ẹ̀rọ tí kò wá iná mànàmáná, tó ń rọra tẹ èso mọ́ asẹ́ títí omi rẹ̀ á fi jáde, ló bá ilé onígi mu jù lọ ní ìlú tí iná kì í dúró sójú kan. Àmọ́ ẹ̀rọ kì í pa omi èso mọ́. Iná ìdáná, kíkan èso fúnra rẹ̀ àti ìgò tó dáa ló ń pa á mọ́, mo sì máa sọ ti ìyẹn náà, torí àwọn tó ń ta ẹ̀rọ lọ́jà kì í sọ ọ́.

Fítà ni mí. Wọ́kúṣọ́ọ̀bù Rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta ni mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìntì, ilé tí a ń gbé kò sì jìnnà síbẹ̀. Ilé àtijọ́ ni, ó ní ẹ̀yìnkùlé gidi, irú èyí tí àwọn tó ń kọ́lé lóde òní kì í fi sílẹ̀ mọ́. Bàbá ìyàwó mi ló gbin máńgòrò tó wà níbẹ̀. Gúáfà méjì wà, ọsàn wẹ́wẹ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ìbẹ́pẹ sì ń hù níbi tó bá wù ú. Agbálùmọ̀ jẹ́ ti aládùúgbò wa, ṣùgbọ́n ẹ̀ka rẹ̀ kọjá ògiri wá sọ́dọ̀ wa, Bàbá aládùúgbò náà sì ti sọ ọ́ tipẹ́tipẹ́ pé èyí tó bá bọ́ sọ́dọ̀ wa, tiwa ni. Ìyàwó mi, Ìyá Bùkọ́lá, ló ni iṣẹ́ yìí: òun ló ń se jáàmù, òun ló ń po ohun mímu. Èmi ni mo ń yí ẹ̀rọ, èmi náà ni mo ń tú u, tí mo sì ń tún un tò. Ohun tí mo bá sọ nípa adùn, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Èyí tí mo bá sọ nípa irin, tèmi ni.

Wàhálà igi eléso ni pé kì í rọra fi èso rẹ̀ sílẹ̀. Láti nǹkan bí oṣù kẹta títí wọ oṣù kẹfà, máńgòrò á dà sílẹ̀ bẹẹrẹ. Bí òjò bá ti wá rinlẹ̀, ó kan gúáfà. Nínú ọ̀gbẹlẹ̀, láti oṣù kejìlá, ó kan agbálùmọ̀. A ó kó fún aládùúgbò, a ó kó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, a ó pe àwọn ọmọ iléèwé tó ń kọjá. Èyí tó bá kù á jẹrà, eṣinṣin á bò ó. Fíríìjì kò gbà wá, torí iná lè lọ láàárọ̀ kó má padà dé títí di ọjọ́ kejì, ohun tó ti dì á yọ́, á sì kan.

Bílẹ́ńdà la ń lò tẹ́lẹ̀. Kò burú fún ata rárá. Ṣùgbọ́n bí a bá da gúáfà sínú rẹ̀, abẹ rẹ̀ á fọ́ àwọn kóró wẹ́wẹ́ yẹn, wọn á sì máa ta ènìyàn léyín bó ti wù kí a sẹ́ ẹ tó. Bílẹ́ńdà tún ń yára yí débi pé afẹ́fẹ́ ń wọ inú omi èso, á hó funfun lókè, omi á dá lọ́tọ̀ nísàlẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ á sì ṣú kó tó pẹ́ rárá. Afẹ́fẹ́ yẹn náà ló ń jẹ fítámì C inú rẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń rọra tẹ èso kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Omi gúáfà wa máa ń wà ní àwọ̀ rẹ̀ títí a ó fi gbé e ka iná.

Ìdúmọ̀tà ni mo ti rà á, ní ṣọ́ọ̀bù kan tó ń ta ohun èlò ilé ìdáná nísàlẹ̀ ilé alájà. Àlàájà kan ló ni ín. Irú méjì ló wà lórí káńtà rẹ̀. Èkíní jẹ́ irin dídà tí wọ́n fi tánńganran bò, ó wúwo, ó sì rí gẹ́lẹ́ bí ẹ̀rọ aláfọwọ́yí tí àwọn ìyá wa fi ń lọ ẹ̀wà. Owó rẹ̀ kò tó ìdajì ti èkejì. Èkejì jẹ́ sítéènlẹ́ẹ̀sì.

"Bàbá, ẹ gbé èyí, ó lágbára, kò ní bàjẹ́ láéláé," ni Àlàájà wí, ó ń na ọwọ́ sí ti irin dídà.

"Ẹ ṣeun, Àlàájà. Bí omi ọsàn wẹ́wẹ́ bá kàn án ńkọ́?"

"Ṣé kì í ṣe ẹ̀wà lẹ fẹ́ lọ ni?"

"Èso ni. Gúáfà, máńgòrò, agbálùmọ̀."

"Há, ẹ má gbé e mọ́ nígbà yẹn. Sítéènlẹ́ẹ̀sì ni kí ẹ gbé. Mi ò fẹ́ kí ẹ padà wá máa bínú sí mi, Bàbá."

Mo yìn ín fún ìyẹn, torí ti irin dídà ló kún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, òun ló sì wù ú kó tètè tà. Òótọ́ ló sọ fún mi. Kíkan inú èso máa ń jẹ tánńganran díẹ̀díẹ̀, bó bá ti jẹ ẹ́ tán, irin ló kù, omi èso á sì máa rùn irin. Bí ẹ bá fún kajú nínú irú rẹ̀, ẹ máa rí i tí omi náà á dúdú, torí ohun tó ń mú kajú fún ènìyàn lẹ́nu yẹn, bó bá ti pàdé irin, dúdú ló ń dà.

Mo mú òòfà kékeré kan dání lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé irin tí òòfà bá ti mú, kì í ṣe sítéènlẹ́ẹ̀sì. Kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Sítéènlẹ́ẹ̀sì kan wà tí òòfà ń mú, sítéènlẹ́ẹ̀sì gidi sì ni. Ohun tí òòfà lè sọ fún yín ni bóyá irin kan náà ni wọ́n fi ṣe gbogbo ara ẹ̀rọ. Nínú èyí tí mo rà, òòfà kò mú síkúrù ńlá inú rẹ̀, kò mú asẹ́, kò mú ẹnu tí a ń da èso sí. Bóòtù tí a fi ń dè é mọ́ tábìlì nìkan ló mú. Ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn, torí bóòtù yẹn kì í kan èso. Nígbà tí mo délé, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú abọ́ ike, mo ri síkúrù àti asẹ́ sínú omi rẹ̀, mo fi wọ́n sílẹ̀ mọ́jú. Ilẹ̀ mọ́, omi náà kò yí àwọ̀, kò sì rùn irin. Ẹ dán èyí wò lára èyíkéyìí tí ẹ bá rà, kí ẹ tó gbé ohun tó ti inú rẹ̀ jáde fún ọmọdé mu.

₦70,000 ló kọ́kọ́ pè é. A ná an títí tó fi gba ₦52,000, ó sì kọ rìsíìtì fún mi láìjẹ́ pé mo béèrè. Ó ní tí ohunkóhun bá ṣe é láàárín ọ̀sẹ̀ kan kí n gbé e padà wá, òun á pààrọ̀ rẹ̀. Ní Ìdúmọ̀tà, kì í ṣe gbogbo oníṣọ́ọ̀bù ló ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ oníná tó ń rọra tẹ èso bí irú èyí wà lọ́jà náà, mo béèrè iye rẹ̀, ó ju ìlọ́po mẹ́ta èyí lọ, iná tó máa lò sì di ọ̀ràn jẹnẹrétọ̀.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro yé. Ẹ ó da èso tí ẹ ti gé sí ẹnu òkè. Síkúrù ńlá tó dùbúlẹ̀ sínú á gbá a mú, á máa tì í lọ síwájú, àyè tó wà láàárín síkúrù àti asẹ́ á sì máa dín kù bó ṣe ń lọ. Omi á gba ihò asẹ́ kán sínú abọ́ nísàlẹ̀, háhá á jáde níwájú. Ní ẹnu ibi tí háhá ti ń jáde yẹn, ọmọrí kékeré kan wà tí a lè fún tàbí kí a tú. Bí ẹ bá fún un, háhá á gbẹ dáadáa, ṣùgbọ́n apá yín á gbọ́ ọ. Bí ẹ bá tú u, iṣẹ́ á yá, omi á sì ṣẹ́kù sínú háhá. Gbogbo ọgbọ́n ẹ̀rọ yìí, ibẹ̀ ló wà, kò sì sí ìwé nínú páálí rẹ̀ tó ṣàlàyé rẹ̀. Èso tí a ti bọ̀, ẹ tú u dé ìdajì. Atalẹ̀ àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ẹ kọ́kọ́ tú u pátápátá, kí ẹ wá máa fún un díẹ̀díẹ̀ bí háhá bá ti ń jáde geere. Ẹni tó bá fún un pinpin látìbẹ̀rẹ̀, èso á há, yóò sì máa fi agbára yí ọwọ́ ẹ̀rọ títí tí tábìlì á fi mì.

Ojú síkúrù náà dán, wọ́n fá a mọ́, kò sí ibi gánnagànna tí háhá lè fara pamọ́ sí. Ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ lẹ́nu òkè náà mọ́. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni bọ́ọ̀ṣì tí ìdí síkúrù jókòó sínú rẹ̀. Ike rírọ̀ ni. Ike rírọ̀ tí irin ń yí nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ, kò sí àdúrà tó lè dá a dúró. Kí àsìkò máńgòrò tó parí, síkúrù ti ń mì, omi sì ń gba ẹ̀yìn jò wá sí ibi ọwọ́. Mo gbé e lọ bá ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbẹ́ irin ní Mushin. Ó fẹ́ fi idẹ gbẹ́ òmíràn, mo ní rárá, torí bàbà wà nínú idẹ, kíkan èso á máa jẹ ẹ́, a ó sì máa mu ún. Ike líle funfun, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe pátákó ìgéran, ló gbẹ́ fún mi. Láti ìgbà náà kò mì mọ́. Bí ẹ kò bá ní ọ̀rẹ́ tó ń gbẹ́ irin, ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè bọ́ọ̀ṣì àfikún kí ẹ tó sanwó. Ohun mìíràn ni pé ẹnu ibi tí a fi ń dè é mọ́ tábìlì kò ṣí ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 4 lọ. Tábìlì tó bá nípọn ju ìyẹn, ẹ wá pákó kan dè mọ́ ọn.

Gúáfà ni ẹ̀rọ yìí mọ̀ ọ́n ṣe jù. Mo lè sọ pé nítorí gúáfà nìkan, owó mi kò sọnù. Ìyá Bùkọ́lá kì í fi tútù sí i. Á fọ̀ ọ́, á gé e sí mẹ́rin láì bó èèpo, á da omi sí i kó bò ó díẹ̀, á bọ̀ ọ́ títí á fi rọ̀. Nínú gúáfà tó bá kó, èyí tó ti pọ́n ló pọ̀ jù, ṣùgbọ́n á rí i pé èyí tó ṣì le, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹ́ pọ́n, wà nínú rẹ̀ bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Àwọn yẹn ni pẹ́kítìnì pọ̀ nínú wọn, pẹ́kítìnì ló sì ń mú jáàmù dì. Èso tó bá ti pọ́n jù, pẹ́kítìnì rẹ̀ ti ń lọ. Bó bá ti lọ́wọ́ọ́wọ́, a ó dà á sí ẹ̀rọ pẹ̀lú asẹ́ oníhò kékeré. Ohun tó ń ti ìsàlẹ̀ jáde nípọn, ó dán, ó pupa rẹ́súrẹ́sú, kò sí kóró kan nínú rẹ̀. Gbogbo kóró ló ń ti iwájú jáde pẹ̀lú háhá, láì fọ́.

Fún ohun mímu, á fi omi là á, á fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, á fi ṣúgà díẹ̀ sí i. Fún jáàmù, á wọn ohun tí ẹ̀rọ fún un, á wọn ṣúgà tó tó o ní ìwọ̀n tàbí tó dín díẹ̀ sí i, á fún ọsàn wẹ́wẹ́ méjì tàbí mẹ́ta sí kílò kọ̀ọ̀kan, á gbé e ka iná nínú ìkòkò tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀, kí omi lè tètè fẹ́ lọ. Kò ní fi í sílẹ̀ rárá, torí ó máa ń ta sókè, ó sì ń jóni gidigidi. Bí tẹmómítà bá dé 105, ó ti jinná. Èkó wà létí òkun, omi ń hó ní 100 níbí, nítorí náà ẹ kò ní láti dín ohunkóhun kù nínú nọ́ńbà yẹn bí àwọn tó ń gbé orí òkè gíga. Ẹni tí kò ní tẹmómítà, kó kán díẹ̀ sórí àwo tó tutù, kó fi ìka tì í. Bó bá ká wìnnìwìnnì bí ìka ṣe ń tì í, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bí kò bá sí iná tí fíríìjì fi lè mú àwo tutù, omi inú àmù tó o. Búrẹ́dì Àgége àti jáàmù yẹn ni oúnjẹ àárọ̀ wa lásìkò òjò.

Bí ẹ bá fẹ́ èyí tó mọ́ gaara tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, ẹ má lo ẹ̀rọ. Aṣọ funfun ni kí ẹ fi so gúáfà tí ẹ bọ̀ kọ́, kó máa kán fúnra rẹ̀ mọ́jú. Ẹni tó bá fún aṣọ náà, omi rẹ̀ á ṣókùnkùn.

Máńgòrò kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ bó o, ẹ gé ẹran rẹ̀ kúrò lára kóró, ẹ lo asẹ́ oníhò ńlá. Èyí tí okùn inú rẹ̀ pọ̀ á máa wé mọ́ síkúrù, ẹ ó dúró tú u lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò sí ọgbọ́n mìíràn. Àwọn tí atẹ́gùn bá já lulẹ̀ nígbà tí wọn kò tíì pọ́n, ẹ má dà wọ́n nù: Ìyá Bùkọ́lá ń pò wọ́n mọ́ èyí tó pọ́n, torí wọ́n kan, pẹ́kítìnì sì wà nínú wọn, jáàmù máńgòrò tí kò bá ní wọn kì í fẹ́ dì. Ẹ ṣọ́ra fún oje tó ń jáde nídìí máńgòrò nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ já a, ó máa ń jó ara.

Agbálùmọ̀ ni mi ò lè fi gbogbo ẹnu yìn ẹ̀rọ yìí lé lórí. Ẹ mọ bí oje rẹ̀ ṣe ń lẹ̀ mọ́ ètè. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń lẹ̀ mọ́ irin. Èèpo rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ inú ẹ̀rọ rárá, ẹran inú rẹ̀ tí a ti yọ kóró kúrò nìkan ni, síbẹ̀ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ihò asẹ́ á ti dí. Mo máa ń fi òróró pa síkúrù àti asẹ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀, òróró náà ni mo fi ń nù wọ́n tí mo bá ṣe tán, torí omi àti ọṣẹ kò ràn án. Fífọ̀ rẹ̀ gùn ju fífún rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n omi rẹ̀, tí a bá fi omi là á tí a fi atalẹ̀ díẹ̀ sí i, kò sí ohun tí wọ́n ń tà nínú ìgò ní Èkó tó dà bí i rẹ̀. Àwọn ọmọ Bùkọ́lá kì í jẹ́ kó pẹ́ nílé, torí wọn ni mo sì ṣe ń ṣe é.

Ọsàn wẹ́wẹ́, ẹ má wulẹ̀ gbé ẹ̀rọ sílẹ̀. Ọwọ́ yára jù ú lọ, bí èèpo rẹ̀ bá sì wọ síkúrù, òróró inú èèpo náà á mú omi korò. Ọsàn mímu, ẹ bó o títí awọ funfun rẹ̀ á fi kúrò, kí ẹ yọ kóró, kí ẹ sì mu ún lọ́jọ́ náà, torí omi ọsàn kan wà tó jẹ́ pé bó bá ti dúró tàbí tí iná kàn án, á bẹ̀rẹ̀ sí í korò. Ìrèké, ẹ má dán an wò, á ṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀rọ. Atalẹ̀, tí àwa ń rà lọ́jà fún omi ìsápá pupa, ẹ gé e pẹlẹbẹ lọ́nà ìbú kí okùn rẹ̀ lè kúrú. Bí ẹ bá gé e lóòró, okùn yẹn á wé mọ́ síkúrù títí ẹ̀rọ á fi dúró. Ẹ̀rọ yìí ń fún atalẹ̀ gbẹ ju bí aṣọ ṣe lè fún un lọ, ìyàwó mi kò sì gbin mọ́ pé atalẹ̀ ń jó òun lọ́wọ́.

Ó ku ìbẹ́pẹ. Ìbẹ́pẹ kò nílò ẹ̀rọ, ṣíbí tó o. Mo dárúkọ rẹ̀ nítorí ewu kan tí Ìyá Bùkọ́lá kọ́ ní FIIRO, iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Oṣòdì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1956, tí wọ́n ti ń kọ́ ará ìlú ní bí a ṣe ń ṣe omi èso àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Èso tó ń kan fúnra rẹ̀, bí ọsàn wẹ́wẹ́ àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó, kíkan yẹn ń dáàbò bò ó. Ìbẹ́pẹ kì í kan. Bí a bá dé e mọ́ inú ìgò bẹ́ẹ̀ láì fi ohun kíkan sí i, kòkòrò kan wà tó ń gbèrú níbi tí afẹ́fẹ́ kò sí, Clostridium botulinum ni wọ́n ń pè é, májèlé rẹ̀ lè pa ènìyàn, omi híhó lásán kò sì pa ẹyin rẹ̀. Ohun tó ń dá a dúró ni kíkan: pH inú ìgò, ìyẹn nọ́ńbà tí a fi ń wọn kíkan, tó ń kéré sí i bí nǹkan bá ṣe ń kan sí i, gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ 4.6. Nítorí náà jáàmù ìbẹ́pẹ láìsí ọsàn wẹ́wẹ́ tó pọ̀ nínú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wà nínú ìgò tí ẹ fẹ́ tọ́jú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré.

Ìgò wá kàn. Mo rí àwọn tó ń ra ẹ̀rọ tó wọ́n gan-an, tí wọ́n á wá ki omi èso sínú ike omi tí wọ́n ti mu tán. Ike yẹn kò lè gba ohun gbígbóná, á sún kì. Bí ohun tí ẹ dà sínú rẹ̀ bá sì tutù, ẹ ti jẹ́ kí kòkòrò bá a wọlé. Ìgò dígí ni tiwa. A ó fọ̀ ọ́, a ó bọ̀ ọ́ nínú omi híhó fún ìṣẹ́jú 10, a ó gbé omi èso ka iná títí á fi dé nǹkan bí 85, kì í ṣe kó hó gùdùgùdù, a ó dà á sínú ìgò bó ṣe gbóná, a ó dé e, a ó dojú ìgò délẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ooru lè kan ọmọrí náà. Ọmọrí gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun. Ìgò lè ṣiṣẹ́ títí ayé, ọmọrí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, rọ́bà inú rẹ̀ máa ń tẹ̀, afẹ́fẹ́ á sì gba ibẹ̀ wọlé. Bó bá tutù tán, ẹ tẹ àárín ọmọrí. Bó bá ń ró kò-kò tó ń fò sókè, kò dé dáadáa, ẹ mu ìyẹn lọ́jọ́ náà. Ìgò èyíkéyìí tí omi inú rẹ̀ bá ń hó fúnra rẹ̀ tàbí tí jáàmù rẹ̀ bá bu, ẹ dà á nù tòun tọmọrí rẹ̀, ẹ má fi ṣíbí há òkè rẹ̀ kí ẹ sì jẹ ìsàlẹ̀.

Wọ́n máa ń ta sodium benzoate, kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí ohun mímu tètè bàjẹ́, ní ọjà kẹ́míkà Ọjọ́ta fún àwọn tó ń ṣe ohun mímu. Òfin gbà á níwọ̀n, ṣùgbọ́n a kò fi sí tiwa. Gúáfà àti agbálùmọ̀ kún fún fítámì C, benzoate àti fítámì C tó bá wà pọ̀ níbi ooru àti ìmọ́lẹ̀ lè mú benzene díẹ̀ jáde, benzene sì jẹ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ. Ohun tí iná àti ìgò lè ṣe láìsí ewu, kí ni mo fẹ́ fi kẹ́míkà ṣe? Ẹni tó bá sì fẹ́ máa di ohun mímu sínú ìgò tà, kó lọ bá NAFDAC gba nọ́ńbà, kò sí ẹ̀rọ tó rọ́pò ìyẹn.

Fífọ̀: ẹ tú u lójú ẹsẹ̀ tí ẹ bá ti lò ó tán. Bí háhá bá gbẹ mọ́ ihò asẹ́, ẹ ó jókòó tì í pẹ̀lú abẹ́rẹ́. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ, búrọ́ọ̀ṣì eyín. Ẹ má fi jíìkì sí i nítorí pé ẹ fẹ́ kó funfun, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má ri í sínú omi iyọ̀ mọ́jú. Àwọn méjèèjì ń jẹ sítéènlẹ́ẹ̀sì ní ihò tín-ín-tín, ìdọ̀tí á máa wọ ibẹ̀, ẹ̀rọ náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà bó ti wù kí irin rẹ̀ dára tó. Ẹ nù ún gbẹ kí ẹ tó tò ó padà.

Bí ẹ bá lọ sí Ìdúmọ̀tà, ẹ jẹ́ kó jẹ́ àárọ̀, kí èrò tó kún. Ẹ ní kí wọ́n ṣí páálí lójú yín kí ẹ tó sanwó, kí ẹ ka ohun tó wà nínú rẹ̀: síkúrù ńlá, asẹ́ méjì, ọmọrí tí a ń fún níwájú, bọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ tí a fi ń yí i, àti igi tí a fi ń ti èso wọlé. Nínú páálí tèmi, asẹ́ kan ló wà. Mo sọ fún Àlàájà, ó ṣí páálí mìíràn, ó yọ asẹ́ oníhò ńlá fún mi láìjiyàn. Ẹ yí ọwọ́ ẹ̀rọ náà lófìfo níbẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ tí síkúrù ń ha asẹ́, òmíràn ni kí ẹ gbà.